Kí Lo Gbọ́, Ràfíù? Ogójì Ọdún Mi Nídìí Mọ́tò Tó Ń Rú Èéfín

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ máa ń dúró níwájú ilé mi ní Challenge yìí, tí ẹ ń bi mí pé, "Bàbá, ṣé iṣẹ́ mẹkáníìkì ṣì ń bọ́ èèyàn?", ẹ jókòó. Ìbéèrè yẹn kì í ṣe ohun tí wọ́n ń dáhùn lórí ìdúró. Ṣé ẹ rí ilé tí ẹ fara ti ògiri rẹ̀ yìí? Imú ló kọ́ ọ. Ẹ máa rẹ́rìn-ín o! Imú mi yìí náà, tó fẹ̀ bíi ti bàbá mi, òun ló kọ́lé, òun ló rán ọmọ mẹ́rin lọ sílé ìwé. Láti Ring Road títí dé Dùgbẹ̀, bí mọ́tò bá ti wà lójú kan fún ọdún mẹ́ta, mẹ́rin, tí wọ́n wá tanná sí ẹ́ńjìnì rẹ̀, tó ń rú èéfín, tí òórùn iná ń jáde tí ẹnikẹ́ni ò mọ ibi tó ti ń wá, èmi ni wọ́n ń pè. Ràfíù Onímú ni orúkọ tí wọ́n sọ mí. Orúkọ yẹn dùn mọ́ mi ju Alájì lọ.

Bí mo ṣe dé ìdí iṣẹ́ kò gùn. Mo jáde ìwé mẹ́fà, bàbá mi mú mi lọ bá Ọ̀gá Lásísì, ó ní, "Ẹ bá mi kọ́ ọ níṣẹ́, ẹ bá mi kọ́ ọ lọ́gbọ́n." Ó tán. Ọ̀gá Lásísì ga, ó gbẹ, orógbó ò kúrò lẹ́nu rẹ̀. Kì í pariwo. Ẹ̀yin ò tíì rí èèyàn tó le tí kì í pariwo, ẹ̀rù rẹ̀ ju ti aláriwo lọ.

Odindi ọdún kan, mi ò fọwọ́ kan sípánà. Nóòtì àti bóòtù ni mo ń fọ̀. Ṣùgbọ́n láràárọ̀, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ọ̀gá á mú àwa ọmọ iṣẹ́ jókòó lórí bẹ́ńṣì, á fi àkísà di wá lójú. A óò gbọ́ tí ó ṣá ìṣáná. Á jó nǹkan díẹ̀ sórí ìdérí agolo, á gbé e kọjá níwájú wa.

"Ràfíù, kí lo gbọ́?"

Ẹ fi etí sí ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa o. Ọ̀gá máa ń sọ pé àwọn tó dá èdè Yorùbá sílẹ̀ kì í ṣe òmùgọ̀. "Òórùn, gbígbọ́ là ń gbọ́ ọ. Mọ́tò ló ń bá ọ sọ̀rọ̀. Ẹni tí wọ́n bá sì bá sọ̀rọ̀, tó gbọ́, dídáhùn ló yẹ kó dáhùn." Ojoojúmọ́ ló ń sọ ọ́, ó sì sú wa nígbà náà.

Báyìí ni mo ṣe mọ̀ pé wáyà tó ń jó máa ń ta èèyàn lọ́nà ọ̀fun. Mo mọ̀ pé bẹ́líìtì tó ń yọ̀ máa ń rùn bíi sílípáàsì tó bọ́ sínú iná. Epo ẹ́ńjìnì tó kán sórí páìpù gbígbóná, agbada àkàrà tí wọ́n gbàgbé sórí iná ló jọ. Omi rédíétọ̀ ní tirẹ̀ a máa dùn létí imú bíi ṣúgà tó jó mọ́ ìdí ìkòkò. Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá gbé nǹkan kan kọjá, mo fò sókè lórí bẹ́ńṣì, mo ní, "Bùréèkì ni, sà! Bùréèkì ẹsẹ̀ ẹ̀yìn!" Ọ̀gá ní kí n tú ojú mi. Ìyẹ́ adìyẹ ló jó. Ó wò mí títí, ó ní, "Ràfíù, adìyẹ ilé ta ló ń fi bùréèkì dúró?" Fún oṣù mẹ́ta gbáko, Adìyẹ ni wọ́n ń pè mí ní ṣọ́ọ̀bù.

Ó kọ́ wa ní àwọ̀ èéfín náà. Funfun fẹ́lẹ́ tó jáde tó sì lọ, omi tó sùn sínú páìpù ni, má da ara rẹ láàmú. Funfun tó ki, tí kò lọ, tó dùn létí imú, omi ti wọ inú ẹ́ńjìnì nìyẹn. Èyí tó bá dà bí aró, epo ẹ́ńjìnì ló ń jó. Dúdú, ẹ́ńjìnì ń mu bẹntiróò ju ohun tí inú rẹ̀ gbà lọ. Èéfín nìwà, kò ṣeé bò mọ́lẹ̀. Mọ́tò náà kò lè fi tirẹ̀ pamọ́.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó jẹ́ èèwọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù wa. Gbogbo mẹkáníìkì Ìbàdàn ló mọ̀ ọ́n. Bí mọ́tò tó pẹ́ nílẹ̀ bá kọ́kọ́ gbaná, dandan ni kó rú èéfín díẹ̀, eruku á jó, epo àtijọ́ á jó. Ẹ̀rù á ba onímọ́tò. Mẹkáníìkì á wá ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, á jó dànù." Ọ̀gá Lásísì kórìíra ọ̀rọ̀ yẹn bí ìgbẹ́. Ẹni tó bá sọ ọ́, ọ̀sẹ̀ kan ni yóò fi gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù. "Nǹkan kì í jó dànù," ọ̀gá á ní. "Ó ń jó lọ síbì kan ni. Lọ wo ibẹ̀."

Ó wá ku oṣù méjì kí n gba òmìnira. Ìyá mi ti rán aṣọ tí n ó wọ̀ lọ́jọ́ náà. Ọ̀gá lọ síbi ìsìnkú kan ní Ìsẹ́yìn, ó fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún mi. Ni ọkùnrin kan bá dé láti Bódìjà, Ọ̀gbẹ́ni Akínwálé, olùkọ́ ilé ìwé girama, Tíṣà ni gbogbo èèyàn ń pè é. Ó lọ kàwé sí ìlú òyìnbó fún ọdún mẹ́ta, mọ́tò rẹ̀ sì wà lábẹ́ igi máńgòrò láti ìgbà náà. Ó fẹ́ gbé e jáde lọ́jọ́ yẹn gan-an, ó ní òun fẹ́ dé báńkì ní Dùgbẹ̀.

Mo tẹ̀ lé e lọ. Mo ṣe gbogbo ohun tí ọ̀gá kọ́ mi, àfi ẹyọ kan. Mo wo ilẹ̀ bóyá nǹkan jò. Mo pààrọ̀ bátìrì, mo da epo àtijọ́ nù, mo fọwọ́ yí ẹ́ńjìnì kí n tó tanná sí i. Ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja sí ẹ̀gbẹ́ mọ́tò, kí a tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀yìn páìpù tí èéfín ń gbà kọjá, nítorí ibẹ̀ ni eku fẹ́ràn láti tẹ́ ibùsùn sí. Ṣòkòtò mi mọ́ lọ́jọ́ náà. Èmi ni ọ̀gá lọ́jọ́ náà, ẹ ṣáà mọ̀. Mi ò dọ̀bálẹ̀.

Ẹ́ńjìnì gbà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Inú mi dùn. Èéfín funfun fẹ́lẹ́ jáde, mo sì gbọ́ ọ. Koríko gbígbẹ. Koríko gbígbẹ pẹ̀lú àkísà, kedere, bí ẹni pé ọ̀gá ló gbé ìdérí agolo síwájú mi. Tíṣà náà ṣẹ́jú, ó ní, "Kí ló ń jó?" Ó ti wo aago ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mi ò fẹ́ kó mọ̀ pé ọmọ iṣẹ́ lásán ni mí. Mo rẹ́rìn-ín, mo nu ọwọ́ mi, mo ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, sà. Á jó dànù."

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ dá Tíṣà dúró ní Dùgbẹ̀, páìpù gbóná, ibùsùn eku gbiná, iná ran rọ́bà bẹntiróò. Tíṣà sọ̀ kalẹ̀, ó fi ọwọ́ ọ̀tún ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì láti wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Iná náà ti ń dúró dè é. Àwọn èèyàn da yẹ̀pẹ̀ sí i, wọ́n fa Tíṣà kúrò, ṣùgbọ́n kí aago méjì tó lù, egungun mọ́tò ló kù. Wọ́n gbé Tíṣà lọ sí ọsibítù ní Jẹ́ríkò.

Ọ̀gá dé lọ́jọ́ kejì. Kò nà mí. Áà, ì bá nà mí! Ó mú mi lọ sí ọsibítù, mo dọ̀bálẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn Tíṣà. Ìdọ̀bálẹ̀ tí mi ò ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò, ibẹ̀ ni mo ti ṣe é. Wọ́n ti fi báńdéèjì wé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ títí dé ìgúnpá.

Ọ̀gá dúró tì mí. "Ràfíù, kí lo gbọ́?"

Mo lè purọ́. Mo lè ní mi ò gbọ́ nǹkan kan, kí wọ́n kà á sí àìmọ̀kan. Mo ní, "Koríko gbígbẹ, sà. Pẹ̀lú àkísà."

Tíṣà gbé orí sókè lórí ìrọ̀rí. Ọ̀gá ló wò, kò wò mí. "Ó gbọ́?" ó ní. "Ó gbọ́, ó sì ní kí n máa lọ?" Ó wá kọjú sí ògiri. Ojú ti tì mí rí láyé yìí, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó tó ti ọjọ́ yẹn. Mo sunkún bí ọmọ kékeré.

Ọ̀gá sún òmìnira mi síwájú ní ọdún méjì. Ìyá mi ká aṣọ náà, ó fi í sí ìsàlẹ̀ àpótí. Ní gbogbo Sátidé, mo ń lọ sí Bódìjà, mò ń pọnmi, mò ń fọṣọ fún Tíṣà, títí ọwọ́ rẹ̀ fi san. Ó san, ṣùgbọ́n ojú àpá kò lè jọ ojú ara. Ìka mẹ́ta ká kò, wọn ò nà mọ́ títí di òní. Ọwọ́ òsì ló fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ṣọ́ọ̀kì sójú pátákó.

Ó ní òun ti dárí jì mí, mo sì gbà bẹ́ẹ̀. Bí mo bá gbé ẹran Iléyá lọ, á gbà á. Bó bá di Kérésì, ìrẹsì rẹ̀ á dé ilé mi. Ṣùgbọ́n nígbà tó ra mọ́tò mìíràn, ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì kan ní Agbowó ló ń gbé e lọ. Ogójì ọdún, ẹ̀yin ọmọ, kò jẹ́ kí ọwọ́ mi kan mọ́tò rẹ̀, kò sì jókòó sínú mọ́tò kan tí mo tún ṣe. Nígbà kan tí òjò ká a mọ́ ìta, mo dúró láti gbé e. Ó kí mi tẹ̀rín-tẹ̀rín, ó ní òun á fẹsẹ̀ rìn. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí ni Ọlọ́run fún mi, àfi kí ọkùnrin yẹn jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nínú mọ́tò.

Ìyẹn ló sọ mí di ohun tí mo dà, mi ò ní parọ́. Bí iná bá jóni tó sì jó ọmọ ẹni, tara ẹni là á kọ́kọ́ gbọ̀n, ṣùgbọ́n iná tó jó ẹlòmíràn nítorí rẹ, kì í ṣeé gbọ̀n dànù. Láti ọjọ́ yẹn, mọ́tò tí mi ò bá kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ fún, mi ò tanná sí i. Àwọn mẹkáníìkì yòókù ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀, wọ́n ní, "Ràfíù, o tún ń kí mọ́tò!" Mo ní ẹ̀yin ẹ máa dúró gbọnin, a ó rí ibi tí yóò já sí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti opó kan ní Ring Road. Ọkọ rẹ̀ kú, mọ́tò wà nínú ọgbà fún ọdún mẹ́rin. Àwọn ọmọ tanná sí i, òórùn kan sọ, gbogbo wọn sá wọ ilé. Ẹ̀pà yíyan! Bàbá wọn sì fẹ́ràn ẹ̀pà yíyan nígbà ayé rẹ̀, kì í jókòó sínú mọ́tò náà láìmú un dání. Ẹbí ní bàbá ló ń bínú, kí wọ́n má fọwọ́ kàn án mọ́. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, mo ní kí wọ́n tún tanná sí i díẹ̀. Mo gbọ́ ọ. Lóòótọ́, ẹ̀pà ni. Mo dọ̀bálẹ̀, mo tan tọ́ọ̀ṣì. Eku ti kó ẹ̀pà tó kù lábẹ́ àga bàbá, ó ti tò ó jọ sórí ẹ́ńjìnì bí ẹni fẹ́ ṣí ìsọ̀. Mo bu ẹ̀kúnwọ́ kan, mo gbé e fún opó náà, mo ní, "Màmá, ẹ gba ìbínú ọkọ yín." Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Iṣẹ́ wá yí padà. Kọ̀ǹpútà dé. Àwọn ọ̀dọ́ á ki wáyà bọ abẹ́ sítíárì, fóònù wọn á sì sọ ohun tó ń ṣe mọ́tò. Ẹ má wulẹ̀ rò pé mo bá a jà. Èmi wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ra tiwọn ní àdúgbò wa, mo sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó lọ́wọ́ ọmọ iṣẹ́ mi, Sikírù. Ó dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ò ní imú. Bí eku bá tẹ́ ibùsùn, kò kàn án.

Lẹ́yìn náà ni ọdún tí gbogbo ayé ń fi aṣọ bo imú dé. Àìsàn náà mú mi. Mo yè é, àlùhámúdù lílààhì. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyàwó mi jó ẹ̀wà mọ́ ìdí ìkòkò, ó sáré wọlé, ó bá mi tí mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò náà. Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo dúró oṣù kan, oṣù mẹ́ta, ọdún kan. Imú mi kò padà. Mo pe àwọn oníbàárà mi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sọ fún wọn lójúkojú pé imú Onímú ti lọ. Mo kó ṣọ́ọ̀bù lé Sikírù lọ́wọ́. Iná kú, ó feérú bojú. Àwọn kan ní kí n má sọ, pé ta ló máa mọ̀? Èmi á mọ̀. Mo ti fìgbà kan gbọ́, mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Mi ò lè wá di ẹni tí kò gbọ́, tó ń ní òun gbọ́.

Lọ́dún tó kọjá, lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, mo ti wẹ̀, mo ti wọ jalabíà funfun, fóònù mi dún. Obìnrin kan ni.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Fúnmiláyọ̀ ni, ọmọ Tíṣà ní Bódìjà. Bàbá mi ní kí ẹ máa bọ̀ kíákíá."

Tíṣà ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Ojú rẹ̀ ti lọ, ìyẹn ló jẹ́ kó pa mọ́tò tì sínú ọgbà fún ọdún mẹ́sàn-án. Fúnmiláyọ̀ wá láti Àbújá, ó fẹ́ máa fi mọ́tò náà gbé bàbá rẹ̀ jáde. Ó pe mẹkáníìkì kan, ìyẹn tanná sí i, èéfín bo ọgbà. Ọkùnrin náà ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, Mummy. Á jó dànù." Tíṣà wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Fúnmiláyọ̀ ní òun ò gbọ́ irú igbe bẹ́ẹ̀ lẹ́nu bàbá òun rí. "Pa á! Pa á! Ẹ pe Ràfíù fún mi!"

Mo bá a lórí àga rẹ̀. Mo kí i, mo wá tètè sọ ọ́ kí ọkàn mi má bàa yí padà. "Tíṣà, mo gbọ́dọ̀ sọ òótọ́, sà. Imú mi ti kú. Mi ò gbọ́ òórùn mọ́."

Ó wá ní, "Èmi ò ríran mọ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí mo jóná, imú mi ò sùn rí. Koríko gbígbẹ ni, Ràfíù. Pẹ̀lú àkísà."

Ogójì ọdún, kò gbàgbé ọ̀rọ̀ tí mo sọ lórí sìmẹ́ǹtì ọsibítù. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú jalabíà funfun mi, mo tan tọ́ọ̀ṣì. Ibùsùn eku wà lẹ́yìn páìpù, ó tóbi tó orí èèyàn. Mo fọwọ́ ara mi yọ ọ́.

Ọjọ́ méjì la fi ṣe é. Sikírù wá ràn mí lọ́wọ́, ó tú gbogbo rọ́bà tó ti gbó. Ní Sátidé, mo gbé àga Tíṣà sẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo tanná sí mọ́tò. Ó na imú sókè. "Epo lórí nǹkan gbígbóná," ó ní. Mo pa á, mo wá a, mo rí ibi tó ti ń kán. Mo tún tanná. "Rọ́bà." Bẹ́líìtì ni. Mo wà á lọ wà á bọ̀ nínú ọgbà. "Nǹkan kan ń jó lẹ́sẹ̀ ẹ̀yìn." Bùréèkì ti gan. Mo ní, "Ṣé ẹ dájú pé kì í ṣe ìyẹ́ adìyẹ, sà?" Mo wá sọ ìtàn adìyẹ fún un, ó sì rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Ojú mi ní í ríran, imú rẹ̀ ní í gbọ́. Ọ̀gá Lásísì, Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ ẹ, ì bá rí wa!

Nígbà tó yá, mo tanná sí i lẹ́ẹ̀karùn-ún. Ó tún na imú sókè. Ó ní, "Ó mọ́."

Mo nu ọwọ́ mi, mo fẹ́ máa kó irinṣẹ́ mi. Mi ò béèrè nǹkan kan. Tíṣà dìde, ó ń fọwọ́ tá mọ́tò títí ó fi kan ilẹ̀kùn iwájú. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ yẹn, tó ká kò, ṣí i. Ó wọlé, ó jókòó. "Ràfíù, kí lo ń dúró ṣe? Dùgbẹ̀ jìnnà."

Mo wà á pẹ̀sẹ̀pẹ̀sẹ̀. Nígbà tí a dé Dùgbẹ̀, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tún mú wa, níbi tí mọ́tò ọjọ́sí ti jóná gan-an. Mi ò sọ fún un pé ibẹ̀ la wà. Ẹ́ńjìnì ń gbóná, mi ò sì ní imú tí n ó fi ṣọ́ ọ.

"Kí lo gbọ́, Ràfíù?"

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan, sà."

Tíṣà fẹ̀yìn ti àga, ó gbé ọwọ́ tó ká kò náà lé mi léjìká. Ó ní, "Èmi náà ò gbọ́ nǹkan kan."